Ta Ló Ń Jẹ́ Kunang?

Láti àárọ̀ ni bàbá mi ti ti mí mọ́ yàrá.

"Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn! Àwọn ẹgbẹ́ mi ń dúró dè mí nílùú Solo!"

"Jókòó síbẹ̀, Ningrum. Ariwo tẹ́ ẹ̀ ń pè lórin yẹn ti tó gẹ́ẹ́."

Irin wà lójú fèrèsé. Mo ń gbá ilẹ̀kùn títí ọwọ́ mi fi wú.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọrin, tí mo sì ń kọ ìtàn ìlú kan lábẹ́ òkun, tí kò lọ́ba, tí kò lọ́lọ́pàá, tí ebi kì í pa ẹnikẹ́ni. "Kunang" ni mo ń kọ sẹ́yìn ìwé, kí àwọn agbófinró má baà mọ̀ mí.

Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin méjì ní pálọ̀.

"Bàbá, Kunang là ń wá. Ilé yìí ni wọ́n júwe fún wa."

"Èmi ni," ni bàbá mi wí.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dín témpè tà lẹ́nu ọ̀nà? Ó dáa, báwo ni ìwé yín ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Mi ò rí bàbá mi kó ṣí ìwé mi rí.

Ó ń kà á bí ẹni tó ti há a sórí. Ojú ìwé kan. Ìkejì. Kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ̀rín wọn ti dá.

"Irọ́ ni!" Mo ń pariwo. "Èmi ni mo kọ ọ́! Èmi ni kẹ́ ẹ mú!"

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọ mi ni," ni Bàbá fèsì. "Kò kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mú mi lọ ni."

Wọ́n gbà á gbọ́.