Ẹnìkan Ṣoṣo Ló Ń Pè É Ní Àbẹ̀kẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ló ní kí n kọ ọ́, mo sì ti yí orúkọ gbogbo wọn padà, títí kan oríkì. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀.

1.
Ìlú Benin ni wọ́n bí Ṣọlápé sí, ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Lọ́dún 2008, ó wà ní yunifásítì kan nílùú ọba, níbi tó ti ń kọ́ nípa ìṣèlú kó lè gba oyè dókítà. Ó fẹ́ wá sílé wá fọ̀rọ̀ wá àwọn ọlọ́jà Aduwawa ní Benin lẹ́nu wò, kó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìbò wọn lọ́dún tó kọjá. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣètò: ta ni yóò rí, kí ni yóò bi wọ́n, ibo ni yóò tọ́jú ìwé sí. Olùkọ́ rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé, "Má ka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni síta nílùú tó ń gbé. Bó o tiẹ̀ yọ orúkọ kúrò, má kà á."

Ṣọlápé ní òun gbọ́. Ó tún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

2.
Màmá Ọláníkẹ́ ń ta abọ́ àti báàfù ní Aduwawa láti ogún ọdún ó lé. Ilé kan náà lòun àti ìyá àgbà Ṣọlápé jọ gbé rí ní àdúgbò Ogbe. Ní gbogbo Benin, "Shola" ni wọ́n ń pe ọmọ yìí. Ìyá àgbà àti Màmá Ọláníkẹ́ nìkan ló ń pè é ní oríkì rẹ̀, ìyá àgbà sì ti kú.

Bí Ṣọlápé ṣe kúnlẹ̀ kí i báyìí, Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́ mi! Ṣé òtútù ìlú òyìnbó ò tíì gbé ọ mì?"

Ṣùgbọ́n nígbà tó béèrè ọ̀rọ̀ ìbò, Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọmọ yìí, ìsọ̀ yìí ni mo ń jẹ o."

"Màmá, mo fi Ọlọ́run búra, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Ni Màmá bá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní Jayéọlá, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá, tó tún ń bá àwọn olóṣèlú pín ìsọ̀, ló gba káàdì ìbò àwọn. Ṣọlápé kọ gbogbo rẹ̀. Kò kọ orúkọ Màmá, "Ẹni Kẹrin" ló kọ.

3.
Lọ́jọ́ Sunday kan, ẹgbẹ́ ṣèpàdé ní Ikpoba Hill. Wọ́n ní kí ọmọ wọn tó ti òkè òkun dé wá sọ ohun tó ń ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, orí rẹ̀ wú. Ẹ̀yin èèyàn mi, àtẹ́wọ́ yẹn ló bà á jẹ́. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ní òun á ka díẹ̀, òun ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ibi tó dùn jù ló yàn:

"Àbẹ̀kẹ́ mi, lọ́jọ́ ìbò, a jókòó sílé bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ, torí káàdì wa wà lápò ẹlòmíì."

Jayéọlá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa gan-an. Ta ló ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́?"

Ṣọlápé pa ìwé rẹ̀ dé. Kó tó dáhùn, ìyá arúgbó kan tí kò mọ nǹkan kan ti dáhùn lẹ́yìn: "Òun náà ni. Ìyá Ọláníkẹ́ ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀."

Jayéọlá tún rẹ́rìn-ín músẹ́.

4.
Lọ́jọ́ kẹrin, Ọláníkẹ́, ọmọ Màmá, pè é lórí fóònù, ó ń sunkún. "Aunty, dem don put padlock for Mama shop. Dem say make she comot. Wetin she do?"

Nígbà tí Ṣọlápé dé Aduwawa, òjò ń pa àwọn báàfù níta. Ó bẹ Jayéọlá, ó bẹ àwọn àgbà ẹgbẹ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀lé e, Màmá ń di ẹrù padà sí Ọ̀wọ̀, ìlú rẹ̀.

Ṣọlápé kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ṣe yín."

Màmá di okùn ẹrù náà tán kó tó wò ó. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Mo ti dárí jì ọ́. Dìde, Ṣọlápé."

Ṣọlápé ti gboyè báyìí, dókítà ni wọ́n ń pè é. Màmá Ọláníkẹ́ papò dà lọ́dún 2012. Láti ọjọ́ ẹrẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó tún pe Ṣọlápé ní Àbẹ̀kẹ́ mọ́, ó sì sọ fún mi pé òun mọ̀ pé òun ló jẹ̀bi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, àtẹ̀yin tí wọ́n kàn finú hàn lásán, mo bẹ̀ yín: ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi gba àtẹ́wọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.