Orin Mínà Tí Fẹ́lísì Yọ Kúrò

Bí èèyàn bá fi ọmọ lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ lọ sí ìdálẹ̀, kó má yà á lẹ́nu bí ọmọ bá padà dé tí kò mọ ilé. Ìlú Fiẹ́nà ni Ótò ti kọ eré olórin rẹ̀. Fẹ́lísì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló tún un ṣe fún àwọn ará Niu Yọ́ọ̀kì. Nígbà tí Ótò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó wo ìdánrawò, gbogbo orin ló gbọ́ àfi èyí tó kọ fún Mínà, ìyàwó rẹ̀ olóògbé. Orin eré ẹṣin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn òṣèré lọ jẹun, ó ku àwọn méjèèjì lórí àga òǹwòran nínú gbọ̀ngàn.

"Fẹ́lísì, o búra fún mi! Orin yẹn nìkan ló kù fún mi lára rẹ̀."

"Orin tó ń pa wọ́n lẹ́kún ní Fiẹ́nà, oorun ló ń kun àwọn ará ibí," ni Fẹ́lísì wí. "Òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n yọ ọ́. Ó ní ó ti sú òun."

"Mínà tí mo fọwọ́ mi sin? Irọ́ rẹ ò tiẹ̀ nítìjú!"

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rọra ké. Ótò gbọ́ ìró aṣọ gígùn tó ń wọ́ nílẹ̀ bọ̀, ó sì gbọ́ òórùn lófínńdà tó fi wọ́n òkú ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn. Ó na ọwọ́.

"Mínà, èmi nìyí."

Aṣọ náà wọ́ kọjá lẹ́bàá orúnkún rẹ̀, kò dúró. Àga ẹ̀gbẹ́ Fẹ́lísì, tí ìjókòó rẹ̀ ti ká sókè, rọra wálẹ̀ bí ẹni pé èèyàn jókòó lé e.

"O mà pẹ́ lónìí," ni Fẹ́lísì wí, ó sì na apá lé ẹ̀yìn àga náà.