Wọ́n Ń Retí Yín

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù tí Tàwàkálítù fi kúrò létí títì, tó wọ inú àbàtà tó wà lẹ́yìn Ìkòsì. Bàbá rẹ̀, Alájì Àmúsà, ló ń wá. Àárọ̀ àná ni wọ́n jáde nílé pẹ̀lú jalamíà funfun àti bàtà ẹsẹ̀ kan. Ọdún méjì rèé tí iyè wọn ti ń ra. Nígbà mìíràn wọ́n á ní àwọn ń lọ sóko, bẹ́ẹ̀ Ìsẹ́yìn ni oko tí wọ́n ń wí wà, wọ́n sì ti tà á kí wọ́n tó bí Tàwàkálítù. Òun ló gbàgbé láti ti géètì. Kò tíì lè sọ ìyẹn fún àwọn àbúrò rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń fọ mọ́tò ló ní òun rí bàbá kan tó wọ funfun tó forí lé ọ̀nà àbàtà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni òjò ti fi rọ̀. Koríko ga ju èèyàn lọ, Odò Ògùn sì ti kún bo ojú ọ̀nà. Nígbà tó tó wákàtí kan, Tàwàkálítù wẹ̀yìn, kò mọ ibi tó gbà wọlé mọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí lórí fóònù rẹ̀. Ó pe bàbá rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀rù ti ń bà á gan-an.

"Ẹ káàárọ̀, Aunty."

Ọmọbìnrin kan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ẹrẹ̀ ti bò ó dé orúnkún. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́.

"Ta lẹ ń pè?"

"Bàbá mi ni. Wọ́n ga, wọ́n wọ jalamíà. Àná ni wọ́n ti jáde. Jọ̀ọ́, ṣé o rí wọn?"

Ọmọbìnrin náà tẹjú mọ́lẹ̀.

"Wọ́n wà lọ́hùn-ún," ó ní. "Wọ́n ní ẹni tí mo bá kọ́kọ́ rí, kí n mú un wá."

Tàwàkálítù jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Ṣé ara wọn le?"

"Ara wọn le."

"Wọ́n ti fi nǹkan kan ẹnu?"

"Wọ́n mu gàrí láàárọ̀. Èmi ni mo pọn omi fún wọn."

"Orí ló bá mi ṣe é tí mo pàdé ẹ. Wàá rí ẹni ṣoore fún ìwọ náà."

Ọmọbìnrin náà ò ṣe àmín. Ó ní Ẹ̀bùnọlá lorúkọ òun, Kétu lòun ń gbé pẹ̀lú màmá òun, ewé mọ́ínmọ́ín lòun wá já láná.

"Láti àná lo ti wà níbí?"

"Wọn ò jẹ́ kí n lọ."

Tàwàkálítù rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. "Ìṣe wọn nìyẹn. Tí wọ́n bá ti di èèyàn lọ́wọ́ mú, ó parí. Ṣé wọ́n pariwo mọ́ ẹ?"

"Wọ́n pariwo."

"Má bínú sí wọn. Kì í ṣe ẹjọ́ wọn, àìsàn ni."

"Wọ́n ní tí mo bá ti mú ẹlòmíràn wá, àwọn á jẹ́ kí n máa lọ sílé."

"Wàá lọ. Èmi fúnra mi á bá wọn sọ ọ́."

Wọ́n dé ibi tí omi ti la ọ̀nà sí méjì. Pákó kan ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá, Ẹ̀bùnọlá bẹ̀rẹ̀, ó fa pákó náà yọ, ó tì í sínú koríko.

"Kí lo yọ ọ́ fún? Báwo la ṣe máa padà?"

"Wọ́n ní kí n máa yọ ọ́."

Tàwàkálítù wo omi náà. Ó dúdú, kò sì mọ bó ṣe jìn tó. Nílé, ọ̀sán gangan ni bàbá rẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Olè ni wọ́n ń bẹ̀rù," ó ní, ó sì tẹ̀ lé e.

Koríko há mọ́ wọn lọ́tùn-ún lósì débi pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọjá lẹ́ẹ̀kan. Fóònù dún nínú àpò rẹ̀: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti yọjú.

"Jẹ́ kí n pe Ọlátúnjí àbúrò mi. Ó lágbára, á bá wa gbé wọn."

"Ẹ má pè é, Aunty." Ọmọ náà dì í lọ́wọ́ mú. "Wọn ò fẹ́ èrò."

Tàwàkálítù rò ó wò. Bàbá tí kì í jẹ́ kí àlejò rí wọn láìdé fìlà, tí wọ́n wá sun inú àbàtà mọ́jú, aṣọ á ti bàjẹ́ lára wọn. Ojú á tì wọ́n. Ó dá fóònù padà sápò. Òun á kọ́kọ́ fi ìborùn òun nù wọ́n lára, òun á tọrọ àforíjì, kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Àgọ́ tapólì kan wà láàárín àwọn ọ̀pẹ. Ẹ̀bùnọlá dúró. Kò sún mọ́ ọn.

"Inú ibẹ̀ ni wọ́n wà. Wọ́n ń retí yín." Omijé ń dà lójú rẹ̀. "Aunty, ẹ má bínú."

"Kí ni màá bínú sí? Oore lo ṣe. Máa lọ bá màmá ẹ."

Ọmọ náà yí padà, ó sì sáré. Tàwàkálítù nu ojú rẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ wé, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu àgọ́ náà bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láràárọ̀. "Bàbá, èmi ni," ó ní, ó sì ká tapólì sókè.

Mẹ́fà ni wọ́n, kò sí àgbà kan níbẹ̀, èyí tó kéré jù ló sì gbé ìbọn dání.