Ṣòkòtò Bàbá Ló Kẹ́yìn

Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá sá lọ. Ẹ kà á tán. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, òun ló ń rán aṣọ mi.

1.

Obìnrin télọ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àdéhùn rẹ̀ ni kò ṣeé gbára lé. Bí o bá béèrè aṣọ rẹ, "Ó ti ń bọ̀" ni yóò sọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ó-Ti-Ń-Bọ̀.

Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ jù, ó ní ọgbọ́n kan tó máa ń dá. Yóò ṣí ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, yóò tẹ nọ́ńbà gbogbo ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò tíì yá sínú fóònù, yóò sì dí wọn lọ́nà. Ẹni tí télọ̀ bá ti dí lọ́nà báyìí, ìpè rẹ̀ kò ní dún rárá. Tààrà ló máa lọ síbi tí fóònù ti ń gba ohùn sílẹ̀, tí wàá ti gbọ́ ohùn télọ̀ fúnra rẹ̀: "Télọ̀ yín ni o. Aṣọ yín wà lórí ẹ̀rọ báyìí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀." Ìgbà tó bá rán aṣọ rẹ tán ni yóò tó ṣí ọ̀nà fún ọ, tí yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o fi sílẹ̀. Ó ti ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ń fi yangàn lójú mi.

2.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó jókòó, ó tẹ nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì wéréwéré, kò wo orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó gbàgbé pé bàbá òun wà nínú ìwé náà. Bàbá jẹ́ awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá gbé ní ìlú kejì. Ó ti fún un ní aṣọ kan pé kó fi rán ṣòkòtò fún òun.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, Bàbá kò pè. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò pè. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tó dùn mí jù nìyí: ara tu ọmọ. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé òun rò pé Bàbá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ṣòkòtò, àti pé bí òun bá pè é, ṣe ni òun máa rán an létí. Ni kò bá pè.

3.

Bẹ́ẹ̀ Bàbá ń pè lójoojúmọ́. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Ti òsì ló kù, òun náà sì ti ń ṣókùnkùn, kò lè dá wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n kò lè ṣèlérí pé ojú náà yóò là. Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń fẹ́: kó rí ọmọ rẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú náà.

Ó gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí lórí àmì ọkọ̀ òfuurufú tó máa ń dá ìpè dúró. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé. Ó yọ síìmù, ó nù ún, ó dá a padà. Ó pa fóònù, ó tún tàn án. Wọ́n pè, ohùn yẹn náà ló dáhùn, kò tilẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin náà wá fi fóònù tirẹ̀ pe ọmọ Bàbá. Ó dún títí ó fi já. Télọ̀ wa ti rí nọ́ńbà tí kò mọ̀, ó ní oníbàárà kan ló yá fóònù ẹlòmíràn, kò gbé e.

"Bàbá," ni ọkùnrin náà sọ, "fóònù yín ò bàjẹ́. Wọ́n ti dí yín lọ́nà lọ́hùn-ún ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi kọ́. O ò mọ̀ ọ́n ni. Iṣẹ́ ló pọ̀ fún un."

Ọkùnrin náà fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, Bàbá kọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá ọmọ òun wí, ohùn òun ti wà níbẹ̀, yóò gbọ́ ọ. Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé, ọkùnrin yìí ló ti ìsọ̀ rẹ̀ tó sì mú Bàbá lọ sílé ìwòsàn.

4.

Ẹ mọ bí àwọn télọ̀ ṣe ń ṣe: aṣọ ará ilé ló máa ń kẹ́yìn. Ó rán ti ẹni méjìlélógójì tán, ó ṣí ọ̀nà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó kan ṣòkòtò Bàbá. Ó rán an, ó lọ̀ ọ́, ó mú fóònù kó ṣí ọ̀nà fún ẹni tó ṣẹ́kù. Orúkọ tó rí níbẹ̀ ni "Bàbá Mi".

Ìgbà mọ́kàndínlógún ni Bàbá ti fi ohùn sílẹ̀. Ó jókòó sáàárín àjákù aṣọ, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, Bàbá kí i, ó sì dákẹ́, ó ń retí kó dáhùn. Èyí tó kẹ́yìn ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án:

"Ọmọ mi, ọ̀la ni wọ́n máa ṣe é. Mo kàn fẹ́ kó o yà kí n rí ẹ díẹ̀ ni. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, kò burú. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ nínú fóònù yìí lójoojúmọ́, ó ń dùn mọ́ mi."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Iṣẹ́ abẹ náà kò yọrí sí rere. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó dẹ etí sí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ kúnlẹ̀, ó gbé ṣòkòtò náà lé e lọ́wọ́. Bàbá fi ìka tẹ̀ lé ojú rírán rẹ̀ láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀.

"Ó gún régé," ló wí. "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ò rù?"

Ó wá na ọwọ́ sí ojú ọmọ rẹ̀, kó lè fi mọ̀ bóyá ó rù.

Láti ọjọ́ náà, télọ̀ wa kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń lọ kí Bàbá. Bó bá pè látinú bọ́ọ̀sì, Bàbá á sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí pé, "Ó ti ń bọ̀." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bàbá kò rí ojú ọmọ rẹ̀ mọ́.

Mo kìlọ̀ fún yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ ṣí fóònù yín nísinsìnyí, ẹ wo àwọn tí ẹ dí lọ́nà, ẹ ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó máa ń pè yín bá dákẹ́, ẹ má yọ̀, ẹ pè é. Ẹ má sì jẹ́ kí ti ará ilé máa kẹ́yìn.