Ọkọ̀ Tí Òrùlé Rẹ̀ Ń Ṣí

Kí Adéríbigbé àti Matilda ìyàwó rẹ̀ tó dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Ìgàndó, ó ti rẹ àwọn méjèèjì. Láti Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti ń bọ̀. Kí wọ́n tó dé Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n ti wo ọkọ̀ ní Dópẹ̀mú, kò sì sí èyí tó tẹ́ Adéríbigbé lọ́rùn. Matilda rí àga oníke kan lábẹ́ ìbòòji, ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Adéríbigbé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, irun orí rẹ̀ sì ti funfun tán. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní ní Ìjẹ̀gùn ló tà, kí ó lè ra ọkọ̀ pẹlẹbẹ onílẹ̀kùn méjì tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, irú èyí tí àwọn ọmọ olówó ń gbé sáré. Nígbà tí Ọdẹ́tọ́lá tó ra ilẹ̀ náà gbọ́, ó wo Matilda.

"Ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i, mà?"

Matilda ní òun fọwọ́ sí i.

Táòfíkì tó ń ta ọkọ̀ jáde sí wọn. Ọkọ̀ pupa kan ló kọ́kọ́ mú Adéríbigbé lọ bá.

"Bàbá, èyí ni kí ẹ gbé. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí, kò sẹ́ni tó máa bá yín mọ́."

Adéríbigbé kò béèrè bí ó ṣe ń sáré sí. Ó ní kí wọ́n ṣí òrùlé. Òrùlé ká lọ sẹ́yìn.

"Tí bátìrì bá kú ńkọ́, ṣé èèyàn lè fi ọwọ́ ṣí i?"

"Ó ṣe é ṣe, sà."

Ó wá ní kí wọ́n ti síìtì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sẹ́yìn pátápátá, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Síìtì náà lọ díẹ̀, ó dúró. Adéríbigbé mi orí.

"Ta ló ń sùn nínú irú ọkọ̀ yìí, bàbá?" Táòfíkì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n bọ́ sí ìdí ọkọ̀ dúdú kan tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Adéríbigbé kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ rárá. Ó dúró tì í, ó tẹ̀ kọjá orí ilẹ̀kùn náà, ó na ọwọ́ méjèèjì sínú, ó sì nàró padà pẹ̀lú ìnira.

"Ó ga jù."

"Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, sà. Kì í ṣe orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé."

Lábẹ́ ìbòòji, Matilda ń fi fóònù bá Kafilat aládùúgbò wọn sọ̀rọ̀.

"Ṣé ó ti jẹun? Sọ fún un pé a ò ní pẹ́ mọ́. Mo mọ̀ pé a sọ bẹ́ẹ̀ lánàá. Ṣáà bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Ọmọ-ọmọ yín ni, mà?" Táòfíkì bi í nígbà tó pa fóònù.

"Àwọn ará ilé ni," Matilda dáhùn, ó sì dijú.

Wọ́n wo òmíràn, wọ́n tún wo òmíràn. Sùúrù Táòfíkì ti ń tán.

"Bàbá, ká sọ òótọ́. Ẹni tó bá ń wá àyè, bọ́ọ̀sì ló yẹ kó rà. Ọ̀kan wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn."

"A ti wọ bọ́ọ̀sì rí," ni Adéríbigbé wí. "A ò fẹ́ ẹ mọ́."

Ọkọ̀ aláwọ̀ aró kan wà ní kọ̀rọ̀, eruku bò ó, ọ̀dà ti ń bó lára rẹ̀. Táòfíkì kò tilẹ̀ fẹ́ fi hàn wọ́n. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ga. Síìtì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Mọ́mì, wá dùbúlẹ̀ síbí," Adéríbigbé pè é. "Má ká ẹsẹ̀ o."

Matilda dìde, ó wọlé, ó na gbalaja, ó gan bí igi.

"Kò kan nǹkan kan," ó ní. "Ó tó."

Táòfíkì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oríṣiríṣi oníbàárà ló ti rí.

"Mi ò ní purọ́ fún yín, sà, ẹ́ńjìnnì èyí ti rẹ̀ díẹ̀. Kò lè sáré bíi tàwọn yòókù."

"Kò burú. A ò ní sáré."

Wọ́n sanwó, Táòfíkì sì ṣàdúrà fún wọn pé wọ́n á fi jayé. Adéríbigbé rọra wà á lọ sílé ní Ìkọ̀tún, ó ń yà fún kòtò. Ní oríta, àwọn ọlọ́kadà pariwo, "Bàbá oníjayé!" Ó gbé ọwọ́ sókè sí wọn. Matilda ti sùn lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Adéríbigbé fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ náà títí ó fi kan ẹnu ọ̀nà, ó ṣí òrùlé, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní títì, ó sì wọlé lọ pẹ̀lú Matilda.

Kafilat mú ẹsẹ̀, Matilda mú orí, Adéríbigbé mú àárín, wọ́n gbé Ọmọlará jáde, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ẹni tí ìbàdí àti orúnkún rẹ̀ kò ká mọ́ láti ọjọ́ tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, tí kò lè gba ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ kékeré kankan wọlé, tó sì ti búra pé wọn ò ní tẹ́ òun sínú bọ́ọ̀sì bí òkú mọ́, wọ́n gbé e kọjá lórí ilẹ̀kùn, wọ́n sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ láti òkè.