Ẹni Tó Ṣáná sí Ọkọ̀

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù mi kú lójú ọ̀nà Kíṣí. Ìyàwó mi tí mò ń gbé lọ sọ́sibítù dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó mi, ibà ń gbọ̀n ọ́n. Afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù tí dísù ń gbà, epo kò dé inú ẹ́ńjìnnì.

Mo tú ẹnu páìpù epo. Kò sẹ́ni nídìí sítíárìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún ọmọ ọkọ̀ mi ti mọ́ mi lẹ́nu.

“Ṣáná sí i,” ni mo wí.

Ẹ́ńjìnnì yí. Epo tú jáde.

“Ó ti dé, ọ̀gá,” ohùn kan dáhùn láti ìdí sítíárìn. “Ẹ dè é.”

Mo de ẹnu páìpù náà padà, nítorí pé ìyàwó mi gbọ́dọ̀ dé ọsibítù. Ẹ́ńjìnnì gbà.

“Bàbá Dérìn,” ìyàwó mi pè láti inú ọkọ̀, “ta lẹ ní kó wà wá?”

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lápò mi. Ọkọ̀ náà rọra fẹ̀yìn rìn, ó gbé ìyàwó mi wọnú òkùnkùn.