Dígí Ìyá Àgbà Tí Aránṣọ Fọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ o. Ẹ bá mi kà á débi tó parí sí.

1. Aránṣọ kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dígí kan wà lára ògiri yàrá rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ ló fi òwú ṣọnà sí aṣọ tó bo férémù rẹ̀ yí ká, òdòdó pupa lórí aṣọ funfun. Òwú ti já níbi mélòó kan, funfun náà sì ti pọ́n bí omi tíì. Ọkùnrin kan wá láti ilé tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ sí. Bó ṣe rí i, ẹnu rẹ̀ ò lè pa dé.

"Màmá, a ó gbé e kọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, a ó kọ orúkọ ìyá àgbà sábẹ́ rẹ̀. Mò ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ má fọwọ́ kàn án o!"

Ìyá àgbà tí kò fi fọ́tò kankan sílẹ̀! Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

2. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó bi àbúrò rẹ̀ obìnrin pé, "Ṣé òwú jíjá ni wọ́n á máa wò, kí wọ́n ní iṣẹ́ ìdílé aránṣọ nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Kí lọkùnrin yẹn mọ̀ nípa abẹ́rẹ́?"

"Ẹ fi arúgbó sílẹ̀ kó jẹ́ arúgbó, jàre!"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó tú aṣọ náà kúrò lára férémù, ó tì í bọ omi ọṣẹ.

3. Ẹ̀yin ìyá mi, pupa yẹn ṣàn! Kó tó pe Olúwa, gbogbo ẹ̀ ti rí rádaràda. Ṣé ó wá jẹ́wọ́? Rárá o. Ó da aṣọ àtijọ́ náà nù, ó fi òwú tuntun tó ń dán yinrin ṣe òdòdó mìíràn sórí aṣọ tuntun, ó sì fi bo férémù náà.

4. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin náà wò ó títí.

"Iṣẹ́ yìí mà dára o. Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni!" Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ó dáa, Màmá. Tó bá di ọgọ́rin ọdún sí i, a ó wá gbé e."

Àpótí tó gbé wá fún dígí náà, òfìfo ló gbé e padà lọ. Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fọ ìyá àgbà títí orúkọ wọn fi bómi lọ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Omi ojú ti ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ti ẹ̀rín nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní nǹkan àgbà nílé, ẹ gbọ́ o: eruku nìkan ni kẹ́ ẹ gbọ̀n, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ yín yangàn, ẹ lọ ra aṣọ tuntun. Ọwọ́ ìyá yín tó wà lára ti àtijọ́, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.